Owó Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Mi Níwájú Orí

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé l'Ágége, àpótí kékeré kan wà lára ògiri pálọ̀ aládùúgbò wa. Wáyà ló ń gbé ohùn wá sínú rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, asọ̀rọ̀mágbèsì là ń pè é. Tiwa náà wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó ni wáyà ti wá já a nítorí owó oṣù tá a jẹ wọ́n, bàbá mi sì búra pé òun ò ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí igi tó ń sọ̀rọ̀. Ó tún ní ìyàwó òun ò gbọdọ̀ lọ jókòó ní pálọ̀ ọkùnrin mìíràn torí àwàdà.

Bí mo ṣe di rédíò ilé wa nìyẹn. Tó bá ti di ìrọ̀lẹ́, màá lọ dúró lábẹ́ fèrèsé aládùúgbò, màá gbọ́ ọ tán, màá sáré padà wá bá ìyá mi nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Màá fi ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ̀kọ gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀ ka ìròyìn fún un. Màá kéde òkú. Màá ṣe ọkọ oníwàhálà àti ìyàwó ẹlẹ́nu ṣóńṣó inú eré, màá sì gbá itan mi fún ìró ìlẹ̀kùn. Nígbà tí amóhùnmáwòrán dé àdúgbò, tí gbogbo ọmọdé ń fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó lè wọ pálọ̀ ẹni tó ni ín, mo kó ìyẹn náà wálé. Ìyá mi á rẹ́rìn-ín títí yóò fi gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, á ní, "Ó tó, má pa mí." Kò sí iṣẹ́ kankan tí mo tún ṣe láyé tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Mo dàgbà, ẹnu ò dàgbà. Nígbà tí mo di òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ n'Íkẹjà, ẹnu yìí náà ni mo gbé débẹ̀. SAP, ètò ìjọba tó sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ti dé, àwọn ológun ń pàṣẹ lókè, bátìrì rédíò wọ́n bí ojú. Tá a bá jókòó jẹun ọ̀sán ní kántíìnì, mo máa ń ṣe rédíò ayé àtijọ́ fún wọn. Ọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lórí máṣíìnì kan náà, ó jù mí lọ dáadáa, ó sì ti gbọ́ asọ̀rọ̀mágbèsì nígbà èwe rẹ̀. Òun ló máa ń pariwo pé, "Ìkéde òkú dà?" Orí mi á wú. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ṣì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n fẹ́ràn mi nìyẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, máníjà ránṣẹ́ pè mí. Ó ní òun fẹ́ kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ lọ́sàn-án, kí n wá ṣe rédíò mi kí òun tó bá wọn sọ̀rọ̀. N ò bi í pé ọ̀rọ̀ wo ni. Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Ká má purọ́, maikí tó ní wọ́n máa gbé fún mi ló gbà mí lọ́kàn.

Mo ṣe é o. Mo ka ìròyìn, mo polówó ọṣẹ, mo kéde òkú ẹni tí kò kú, mo jà bí ọkọ, mo sunkún bí ìyàwó. Àwọn èèyàn ń di ara wọn mú. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ yìí ló kọ́kọ́ dìde, ó lẹ náírà mọ́ mi níwájú orí, òógùn sì dì í mú. Ni wọ́n bá ń tò tẹ̀lé e. Ẹni tó fẹsẹ̀ rìn wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ nítorí pé kò lówó ọkọ̀ pàápàá lẹ tirẹ̀. Èmi ń ṣa èyí tó já bọ́, mo ń yọ̀.

Máníjà gba maikí. Ó kọ́kọ́ yìn mí, ó ní inú òun dùn pé a ṣì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ bàbá kan náà. Ìgbà yẹn ló wá sọ pé òwú ò wọlé láti òkè òkun mọ́, pé gbogbo ẹ̀ka tó ń hun aṣọ ò ní wọṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ Ajé, àfi ẹni mẹ́ta tí yóò máa tọ́jú máṣíìnì. Ó pe orúkọ àwọn mẹ́ta náà, orúkọ tèmi sì wà lára wọn.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ohun tí wọ́n rò ni èmi náà ì bá rò: pé mo ti mọ̀, pé èmi ni àgbàdo tí wọ́n dà sílẹ̀ kí wọ́n tó mú adìyẹ. Náírà kan ṣì lẹ̀ mọ́ mi níwájú orí. Ojú tì mí débi pé n ò lè gbọ́wọ́ sókè yọ ọ́.

Mo sáré bá ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní géètì, mo na gbogbo owó náà sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á, kẹ́ ẹ bá mi pín in fún wọn. Mo fi Ọlọ́run búra, n ò mọ̀."

Ó wo owó, ó wò mí. "Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í gba owó tá a lẹ̀ mọ́ èèyàn lórí padà. Mo rẹ́rìn-ín, àbí n ò rín? Fi ra nǹkan fún ìyá ẹ."

Ó gbọn fìlà rẹ̀, ó dé e, ó bá tiẹ̀ lọ. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Ìyá mi ti darúgbó nígbà yẹn, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé. Mo fi owó náà ra búrẹ́dì àti mílíìkì fún un, torí n ò mọ ohun mìíràn tí mo lè fi ṣe. Ó ń ti búrẹ́dì bọ inú tíì, ó bi mí ibi tí owó ti wá.

"Wọ́n ní kí n ṣe rédíò níbi iṣẹ́, Màámi. Wọ́n lẹ owó mọ́ mi lórí."

Inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́ pé àwọn èèyàn ńlá máa pè mí lọ́jọ́ kan. Ó ní kí n jókòó, kí n ṣe é fún òun náà bí mo ṣe ṣe é fún wọn. Mo ní ọ̀fun ń dùn mí.

"Kò burú," ló wí. "Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín, Màámi."