Adìyẹ Ìyá Àgbà Tó Wà Lókè Òkun

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, lásìkò ọyẹ́, nígbà tí eruku bo àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́ débi pé a kò rí wọn mọ́ láti ẹnu ọ̀nà wa. Mo ti gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì, mo ti ṣe kọ̀ńkúù, ìdánwò láti wọṣẹ́ ìjọba, n kò yege, mo sì padà wálé wá tọ́jú ìyá tó bí ìyá mi. Àrùn ti pa gbogbo adìyẹ rẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló ṣubú, egungun ìbàdí rẹ̀ sì kán. Láti ìgbà náà ló ti kọjú sí ògiri, tí kì í fẹ́ jẹun. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ń pe ẹ̀rù náà ní àárẹ̀, kí n má baà sunkún lójú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ṣàdédé rí ọgbà adìyẹ kan lórí fóònù mi, nílùú òyìnbó, tí kámẹ́rà ń fi hàn bí wọ́n ti ń jẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo gbé e síwájú Ìyá. Ó yíjú.

"Ta ló ni wọ́n? Mi ò rí àkísà lẹ́sẹ̀ ìkankan."

Nílé wa, àkísà tí a so mọ́ ẹsẹ̀ adìyẹ la fi ń mọ ẹni tó ni ín. Pupa ni ti Ìyá. Mo ní òyìnbó kì í so àkísà.

"Ṣé kò sí olè lọ́dọ̀ wọn ni?" Ó nawọ́ sí ọ̀kan tó ń tiro. "Tèmi nìyẹn. Bá mi so ó."

"Ìyá, kò ṣeé ṣe. Ọ̀nà jìn."

"Pẹ̀lú gbogbo ìwé tí o kà! So ó mọ́ fóònù."

Mo ya etí ìró rẹ̀ pupa kan, mo so ó mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ náà, bí adìyẹ tó ń tiro bá ti ń ṣà jẹ, Ìyá náà á lanu. "Alájẹkì yìí, o ò ní jẹ jù mí lọ," á wí, á sì gba òkèlè iyán lọ́wọ́ mi. Inú mi dùn bíi pé mo ti yege kọ̀ńkúù. Mo rò pé mo ti di oníṣègùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, n kò rí adìyẹ náà mọ́. Mo béèrè nísàlẹ̀ àwòrán, ẹnì kan sì fi Faransé dá mi lóhùn pé ó ti kú.

"Tèmi dà?" ni Ìyá bi mí.

Mo nawọ́ sí òmíràn tí àwọ̀ wọn jọra. "Òun nìyẹn, Ìyá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti san."

Ó wò ó pẹ́. Ó wá rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò rí láti ọjọ́ tó ti ṣubú. "Ó san? Ó yá, gbé mi dìde."

Ojoojúmọ́ ló ń di ọrùn mi mú báyìí, tó fẹ́ dúró. Nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́ lójú àwa méjèèjì pé egungun náà kò ní jinná. Ìyá ní adìyẹ òun kò gbọ́ ti nọ́ọ̀sì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ pọnmi, mo dé, mo bá a nílẹ̀. Ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró.

Bí mo bá sọ òótọ́ fún un, á tún kọjú sí ògiri. Bí n kò bá sọ ọ́, ẹ̀rù ń bà mí pé tó bá tún ṣubú, kò ní dìde mọ́. Àkísà pupa náà ṣì wà lára fóònù tí mo fi ń kọ èyí. Ó ń pè mí láti inú yàrá pé kí n wá gbé òun dìde. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tó bá jẹ́ ìyá tiyín ni, kí lẹ máa sọ fún un?