Garawa Mẹ́rin Tí Ń Jò

Melvina Keeping kò tíì bọ́ ẹ̀wù òtútù, kò tíì sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, tí ó fi rí i pé àwọn igi òun ti ń kú. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ó lò ní Corner Brook, níbi tí ó ti lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Igi mẹ́rin tí ó fi sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ oníjígí, tí ewé wọn nà sókè bí ọwọ́ ẹni tí ń yin Ọlọ́run, ni ó padà bá tí wọ́n dorí kodò bí ọmọ tí a bá wí. Ewé ìsàlẹ̀ ti pọ́n. Òdòdó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dì ti ń rọ.

“Skípà!” Bẹ́ẹ̀ ni ó ń pe ọkọ rẹ̀, bí a ti ń pe ọ̀gá ọkọ̀, láti ìgbà tí ó ti ní ọkọ̀ ìpẹja tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ tí ọkọ̀ náà ti dojú dé sí ẹ̀yìn ilé. “Skípà, kí lo ṣe fún igi mi?”

“Káàbọ̀, ọmọge,” ni Garland dáhùn láti ilé ìdáná. “Ọmọ náà ńkọ́? Ta ló jọ?”

“Ìwọ ló jọ. Kò ní irun, kò sì ní eyín. Mo ní kí lo ṣe fún igi mi?”

“Omi ni mo ń bù fún wọn. Bí mo bá bù lónìí, mo fi ọ̀la sílẹ̀. Jọ́ọ̀gì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí o ṣe pàṣẹ. Mi ò fọwọ́ kan ewé kankan.”

Melvina bẹ̀rẹ̀, ó fa àwo pẹrẹsẹ tí ó wà lábẹ́ àwọn garawa jáde. Ó gbẹ bí egungun.

“Omi wo lo bù? Wo àwo yìí! Bí o bá bu omi, kò ní sí díẹ̀ nínú rẹ̀?”

“Mo ní mo bù ú!”

Kò gbà á gbọ́. Ó bu jọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan sí wọn kí ó tó bọ́ ẹ̀wù, ó sì lọ gbé kẹ́tùlù lé iná pẹ̀lú ariwo tí kò yẹ kẹ́tùlù.

Kì í ṣe obìnrin tí ń tètè bínú. Ní Skerry Bight, abúlé apẹja etí òkun yìí, ni wọ́n bí i, ní ilé kan tí ìgbì òkun ń fọ àtẹ̀gùn rẹ̀. Ní ọmọbìnrin ni ó ti wọ ilé iṣẹ́ ẹja, ó dúró ti tábìlì tí wọ́n ti ń la ẹja títí ẹja fi tán nínú òkun tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà pa. Lẹ́yìn èyí ó ń wẹ àwọn arúgbó, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ ìjọ ní ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi, títí àwọn ọmọ náà fi bá òbí wọn lọ sí ibi tí iṣẹ́ wà. Bí ìtàkùn tí Ọlọ́run mú hù fún wòlíì kan ní ọjọ́ kan tí kòkòrò sì jẹ ẹ́ ní ọjọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni òjìji tí ó ti jókòó sí ní ayé rí. Síbẹ̀ kò kùn ní gbangba. Bí ó bá fẹ́ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀ jiyàn, ìdí ìkòkò ni ó ti ń jà á.

Ọwọ́ Garland ni ó mú ọ̀rọ̀ igi wá. Làkúrègbé ti ká ìka rẹ̀ jọ bí gbòǹgbò igi etí òkun. Ọkùnrin tí ó ti lè so okùn nínú òkùnkùn, nínú ìjì, kò lè di bọ́tìnì ẹ̀wù ara rẹ̀ mọ́. Ìyàwó ni ó ń dì í fún un ní òwúrọ̀, òun a sì máa wo òkè àjà títí yóò fi parí. Oògùn ilé ìwòsàn ń ta á nínú. Èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́hùn-ún, láti ara igbó, ewé tí àwọn kan ń fà bíi sìgá, ń mú orí rẹ̀ fò débi pé kò lè parí àdúrà tí ó bá bẹ̀rẹ̀. Ìpara kan ṣoṣo ni ó bá a lára mu: èyí tí àbúrò Melvina máa ń fi òdòdó igbó tirẹ̀ sè, igbó tútù kan tí kì í yí ni lórí. Ọ̀sẹ̀ tí Garland kọ́kọ́ fi í para, òun tìkára rẹ̀ ni ó di ìwé orin mú ní ilé Ọlọ́run tí ó sì ṣí i láti ojú ewé kan dé òmíràn. Melvina kò rí orin kọ ní ọjọ́ náà.

Àbúrò yìí ti lọ sínú ìsinmi rẹ̀. Agolo ìpara kan àti hóró irúgbìn igbó náà díẹ̀ nínú ìdìpọ̀ aṣọ ni ó kù. Òfin gba igi mẹ́rin fún ilé kan. Pásítọ̀ sì sọ pé Ẹni tí ó dá gbogbo ewéko tí ń so èso kò yọ ti ilé Keeping sílẹ̀. Ó kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe gbé e wá sórí tábìlì Ìdúpẹ́ Ìkórè.

Ní ọdún àkọ́kọ́ ó gbìn wọ́n síta, kùrukùru àti atẹ́gùn oníyọ̀ pa wọ́n. Ní ọdún kejì ó gbìn wọ́n sínú ìkòkò oníyẹ̀pẹ̀ nínú ilé, èbu mú wọn, eṣinṣin kéékèèké sì ń bọ́ sínú ọbẹ̀. Ó wá kù díẹ̀ kí agolo náà tán, bẹ́ẹ̀ ni hóró mẹ́rin péré ló kù nínú ìdìpọ̀. Bí olùtọ́jú ọgbà tí ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ nítorí igi ọ̀pọ̀tọ́ tí kò so, Melvina ní kí Olúwa jọ̀wọ́ fún òun ní ọdún kan péré sí i.

Obìnrin kan tí wọ́n jọ jókòó ní àpéjọ àwọn obìnrin ìjọ ni ó kọ́ ọ ní ọgbọ́n garawa, nígbà tí ó yẹ kí àwọn méjèèjì máa fetí sí oníwàásù. Garawa ẹran màlúù oníyọ̀ ni, irú èyí tí a fi ń ká èso ìgbẹ́, tí a fi ń gbé èédú, tí a sì ń dojú rẹ̀ dé jókòó ní gbogbo Skerry Bight. Ó fọ̀ wọ́n títí òórùn iyọ̀ fi lọ. Ó lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n ìka méjì sókè ìdí rẹ̀. Ó kó òkúta funfun tí ó fúyẹ́ bí gúgúrú kún un, láìsí yẹ̀pẹ̀ rárá. Omi tí a po ajílẹ̀ mọ́ ni a ń dà láti òkè. Èyí tí ó bá kọjá ihò yóò jò sínú àwo, èyí tí ó kù nísàlẹ̀ ni gbòǹgbò yóò máa mu, òkè rẹ̀ yóò sì wà fún afẹ́fẹ́. Kò sí ẹ̀rọ, kò sí iná mànàmáná. Ihò yẹn ni ẹ̀mí garawa náà. Melvina yí gbogbo ihò kọ ojú sí ògiri, kí àlejò má baà máa béèrè.

Àlejò kúkú béèrè. Effie, ẹ̀gbọ́n Garland obìnrin, wo àwọn garawa náà ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ rí wọn, ó sì mi orí.

“Ọ̀wọ́n mi, kànga fífọ́ ni wòlíì bá àwọn ènìyàn wí lé lórí, èyí tí kò lè gba omi dúró. Ìwọ fi ọwọ́ ara rẹ lu tìrẹ!”

Ní Ọjọ́ Ìsinmi, lọ́jọ́ kejì tí ó dé, ewé náà tún ti rọ sí i. Lẹ́yìn ìsìn wọ́n lọ jẹun ọ̀sán ní ilé Effie bí ìṣe wọn, kábéèjì àti ẹran oníyọ̀. Melvina ń ro ẹni tí ó lè wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun. Ní Skerry Bight kò sí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Gbogbo ènìyàn ni ó ní àyè láti ṣe ohun tí ó wù ú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹlòmíràn.

“Àǹtí Effie,” ni ó wí, “ṣé ẹ dé ilé wa nígbà tí mi ò sí?”

“Lójoojúmọ́. Ta lo rò pé ó ń gbé búrẹ́dì fún arákùnrin mi, àwọn ańgẹ́lì?”

“Ẹ ò da nǹkan kan sí garawa mi?”

Effie gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ kalẹ̀. “Melvina Keeping. Bí mo bá fẹ́ pa igbó rẹ, ojú rẹ ni màá ti ṣe é, bí Kristẹni.”

“Kò sí ẹni tó ní...”

“O ní bẹ́ẹ̀ ní tábìlì mi, lórí kábéèjì mi.”

Garland ń fi ẹ̀yìn ṣíbí rẹ́ kábéèjì, kò gbójú sókè. Ní ọ̀nà ilé, ó ní, “Ọmọge, o fẹ̀sùn kàn mí, o fẹ̀sùn kan ẹ̀gbọ́n mi. Ta ló kàn? Pásítọ̀?”

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé ó fa àwo náà jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Gbígbẹ. Ó gbé jọ́ọ̀gì, ó ń dà á sí garawa àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìbínú, ó sì ń wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, Olúwa, kí ni mo ṣe tí n kò ṣe dáradára? Ìgbà náà ni ó rí i tí omi ń gòkè bọ̀. Ó bo òkúta funfun náà, ó dúró, kò sì lọ síbì kankan. Òórùn kan bí ti ìdí ọkọ̀ tí a kò gbọ́n omi rẹ̀ bọ́ sí i ní imú.

Ó yí garawa náà kúrò ní ara ògiri.

Èdídí kan wà nínú ihò náà. Igi ni, a gbẹ́ ẹ, a dán an, a fi okùn tí a tú tí a sì ra ní ọ̀dà wé e, gẹ́gẹ́ bí a ti ń dí ìdí ọkọ̀ tí yóò kojú òkun. Ó yí èkejì. Ó yí ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin. Kò sí èyí tí ń jò. Iṣẹ́ náà dára tó èyí tí a lè fi dí ọkọ̀ ọba.

“O ti rí wọn!” Garland dúró ní ẹnu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ń dán. “Mo ń dúró dè ọ́ láti ìrọ̀lẹ́ Sátidé kí o rí i fúnra rẹ. Mo rò pé ìbínú ni kò jẹ́ kí o wò ó. Kò jo ẹ̀kán kan, àbí?”

“Garland.” Kì í pè é bẹ́ẹ̀.

“Bí o ṣe jáde ni mo rí i. Omi ń ta sórí ilẹ̀ tí o kùn. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin! Ọkùnrin wo ni yóò jókòó ti ohun tí ń jò tí kò ní dí i? Bàbá mi ìbá jáde nínú sàréè.”

“Ọwọ́ wo lo fi gbẹ́ ẹ?”

Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń ṣí ìka díẹ̀díẹ̀ bí ọmọdé tí ó mú ẹ̀bùn wá. “Ìpara náà ni. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni mo fi pa á kí n lè di ọ̀bẹ mú. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan, ọmọge, ṣùgbọ́n mo dì í mú. Agolo ti ṣófo, àmọ́ kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe, nígbà tí igi mẹ́rin wà níbí?”

Melvina gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó jáde lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó sì jókòó sórí ọkọ̀ tí ó dojú dé. Inú bí i sí ọkùnrin náà, inú sì bí i pé kò lè bínú sí i. Inú bí i sí ara rẹ̀ jù, nítorí nínú gbogbo ohun tí ó sọ fún un kí ó tó lọ, bu omi, má fọwọ́ kan ewé, ti ilẹ̀kùn nítorí atẹ́gùn, kò sọ ohun tí ihò wà fún. Ó rò pé ẹnikẹ́ni tí ó ní ojú yóò mọ̀. Ó sọ fún Olúwa pé ó rẹ òun. Kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. A ti bi wòlíì náà léèrè bí ó bá tọ́ láti bínú nítorí ìtàkùn, ó sì ní ó tọ́. Melvina rò pé wòlíì náà kò purọ́, ó kéré tán.

Nígbà tí ó wọlé, ó sọ òtítọ́ fún Garland, nítorí kò mọ irọ́ pa, àti nítorí pé irọ́ yóò jẹ́ irú àánú tí ó yẹ fún ọmọ ọwọ́ nìkan. Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́: omi ni ó pa wọ́n, kì í ṣe òùngbẹ. Gbòǹgbò pẹ̀lú ń mí.

Garland wo èdídí náà pẹ́. “Gbogbo ayé mi,” ni ó wí nígbẹ̀yìn, “omi tó wọlé ni mo ń bẹ̀rù. N kò mọ̀ pé omi tí kò jáde náà lè pa nǹkan.”

Wọ́n fa àwọn èdídí náà yọ. Omi dúdú tú jáde, ó sì ba ilẹ̀ tí a kùn jẹ́ ju bí jíjò oṣù kan ìbá ti bà á jẹ́ lọ. Gbòǹgbò igi mẹ́ta ti rà, wọ́n ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ewé òkun. Gbòǹgbò ẹ̀kẹrin ṣì funfun díẹ̀ lókè. Effie mú búrẹ́dì dé ní ọ̀sán, ó rí ilẹ̀, ó rí ojú àwọn méjèèjì, ó sì gbé aṣọ ìnulẹ̀ láìsọ̀rọ̀ kànga kankan.

“Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí Effie,” ni Melvina wí, “nípa ti àná.”

“Gbé ẹsẹ̀,” ni Effie dáhùn. “O dúró lórí ibi tó tutù.”

Òdòdó igi kan ṣoṣo kò lè tó sè ní ìpara ìgbà òtútù, bí ó bá tilẹ̀ yè, ewé rẹ̀ kò sì tíì pinnu bóyá yóò yè tàbí yóò kú. Ọwọ́ Garland ti ká padà. Melvina tún ń di bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ ní òwúrọ̀, ó ń dì í pẹ̀lú agbára ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Olúwa kí ó tó dé ti ọrùn. Èdídí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí ojú fèrèsé. Kò lè jù wọ́n nù, kò sì fẹ́ràn láti máa wò wọ́n.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ti bu omi sí garawa kan ṣoṣo tí ó kù, tí ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìdáná, Garland ti wà lórí ìjókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti na ìka rẹ̀ tí ó ká sábẹ́ ihò náà, ó ń dúró. A máa pẹ́ díẹ̀. Melvina a dá ọwọ́ dúró lórí ìyẹ̀fun, bí ó tilẹ̀ ti pinnu pé òun kò ní dúró dè é mọ́.

“Ọmọge!” ni ọkùnrin náà yóò kígbe. “Ó ń jò!”