Àgbo Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Mu

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni dókítà kan ní Àkúrẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé èròjà inú ẹ̀dọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó lè jẹ́ oògùn tó ń lò kí iṣan rẹ̀ lè yọ ló fà á. Ó sì lè jẹ́ irin tó ń gbé. Kó fi méjèèjì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó má lo oògùn kankan, kó wá tún àyẹ̀wò ṣe.

Nílé wa ní Oǹdó, màmá wa wo ojú rẹ̀, ó ní ibà ni, ó gbé àgbo kaná.

Mo ní, “Mọ́mì, dókítà ní kó má lo oògùn.”

“Oògùn òyìnbó ló ń wí. Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, àgbo yìí la fi tọ́ yín.”

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, ó gbé e mu.

Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ dókítà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, èròjà náà ti lọ sókè sí i. Dókítà ò lè sọ mọ́ bóyá oògùn iṣan ni tàbí àgbo. Wọ́n dá a dúró sí ọsibítù.

Màmá ń bi mí lórí fóònù pé, “Ṣé èmi ni?” Mi ò mọ̀. Nígbà tí mo dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n mi láàárọ̀ yìí, ojú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ṣùgbọ́n ó ṣì ń mí.