Bí Mo Ṣe Wá Ọkọ Mi Kékeré ní Ọgbà Kánsù

Ọkọ mi tó kéré jù lọ jẹ́ ọmọ ọdún méje lọ́dún tí mo wọ ilé wọn ní Ìpọ̀nrí. Obìnrin ni. Òun ni àbíkẹ́yìn ìyá ọkọ mi, ó sì ti wà nínú ilé kí n tó dé, nítorí náà mi ò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé bàbá mi nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń ṣe nílé ọkọ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó la wà, tí gbogbo wa sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì. Lọ́sẹ̀ tí mo dé, mo sọ ọ́ ní Eyínafẹ́, nítorí pé eyín rẹ̀ funfun, ó sì tò dáadáa. Kò pẹ́ sígbà náà tí méjì iwájú já, ṣùgbọ́n orúkọ ti mọ́ ọn lára. Òun ń pè mí ní ìyàwó mi. Ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ nítorí pé mo dàgbà jù ú lọ, èmi náà sì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ nítorí pé ó ṣáájú mi délé. Àwọn ará ilé kejì máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé a dà bíi lọ́yà méjì níwájú adájọ́.

Láàárín àwọn ọdún 1970 lọ́hùn-ún ni. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ń ta owú, bọ́tìnì àti síìpù ní ọjà Tẹ́júoṣó. Nígbà tí ilé ìwé ní kí gbogbo ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ ní ilé ìwòsàn kánsù, Màmá ò lè fi ìsọ̀ sílẹ̀, ọkọ mi sì ti lọ síbi iṣẹ́. Màmá ní kí n mú ọmọ náà lọ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa fi í lé mi lọ́wọ́ jáde. Títí di ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ń lọ sọ́jà láìmú un dání, ọ̀dọ̀ aládùúgbò wa kan tó ti dàgbà ni wọ́n máa ń fi í sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi. Mi ò bínú sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, wọn ò tíì mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ mí, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ti máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà kánsù náà kọjá, mi ò wọ ibẹ̀ rí. Inú ọgbà kan náà ni ohun gbogbo wà: ilé ìwòsàn lápá ọ̀tún, ilé ìkàwé lápá òsì, gbọ̀ngàn ńlá láàárín. Wọ́n gbin òdòdó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, wọ́n sì fi ẹfun kun àwọn òkúta tó yí òdòdó náà ká. Lára ògiri iwájú gbọ̀ngàn, wọ́n fi àfọ́kù táìsì aláwọ̀ oríṣiríṣi ṣe àwòrán àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n. Ìjókòó símẹ́ńtì wà lábẹ́ igi, ẹni tó bá wù ú lè jókòó, kò sì sẹ́ni tó ń bi èèyàn pé kí ló wá ṣe. Ibẹ̀ wù mí. Ohun kan ṣoṣo tí ojú mi rí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ni gọ́tà ńlá tó wà lẹ́yìn ọgbà, tó ń gbé omi òjò lọ sí ọ̀sà. Wáyà tí wọ́n fi sé ibẹ̀ ti já lápá kan.

Lọ́jọ́ náà, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ ọnà sínú gbọ̀ngàn, alága kánsù sì ń bọ̀ wá ṣí i lọ́sàn-án. Nítorí èyí, wọ́n ti so gbohùngbohùn mọ́ òrùlé gbọ̀ngàn àti mọ́ igi níta. Akọ̀wé kan, ọ̀dọ́kùnrin, jókòó ti tábìlì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú ẹ̀rọ náà níwájú rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì rí i pé ó wúlò. Wọ́n kó káàdì àwọn ọmọ sọ́dọ̀ rẹ̀, òun ló sì ń fi ẹ̀rọ pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láti wọlé gba abẹ́rẹ́. Ohùn rẹ̀ nípọn, ó sì ń pe orúkọ bí ẹni tó ń ka ẹjọ́. Bó bá ti pe ọmọ kan, kì í pẹ́ tí a ó fi gbọ́ igbe ọmọ náà láti inú ilé ìwòsàn.

Èmi náà fi káàdì wa sílẹ̀. Ọkọ mi ti kọ orúkọ ọmọ náà sí i kó tó jáde láàárọ̀. Èrò pọ̀, mo sì rí i pé ọwọ́ ọmọ náà ti tutù nínú ọwọ́ mi, ni mo bá ní kí a lọ wo iṣẹ́ ọnà títí wọn yóò fi pè wá.

Wọ́n kọ́ àwọn àwòrán sára ògiri, wọ́n sì to àwọn ère sórí tábìlì gígùn tí wọ́n fi aṣọ funfun bò dé ilẹ̀. Ère kan wà níbẹ̀, obìnrin tó ń di irun fún ọmọ rẹ̀ láàárín orúnkún. Ọmọ náà ń yí ojú padà bí ìgbà tó ń dùn ún. Ẹni tó gbẹ́ ẹ gbẹ́ ojú ìlà irun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, tín-ín-rín, láti iwájú orí dé ìpàkọ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ náà bẹ́ẹ̀. Mo jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ náà, mo sì yí lọ sẹ́yìn ère. Ó gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Nígbà tí mo padà síwájú, kò sí ọmọ níbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó lọ wo àwòrán ni. Mo rìn yí gbọ̀ngàn ká. Mo lọ sí ibi ẹ̀rọ omi, mo lọ sí ilé ìyàgbẹ́, mo lọ sí ilé ìkàwé, níbi tí àwọn tó ń ka ìwé ti gbójú sókè wò mí nítorí pé sálúbàtà mi ń pariwo. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó wà níwájú ilé ìwòsàn. Wọn ò rí i. Ni mo bá rántí ibi tí wáyà ti já.

Òjò ti rọ̀ lánàá ọjọ́ náà, omi gọ́tà náà kún, ó dúdú, ó sì ń yára lọ. Sálúbàtà ọmọdé kan wà létí rẹ̀. Mo wò ó dáadáa. Aláwọ̀ ewé ni, tọmọ tèmi pupa ni. Mo dúró síbẹ̀, mo tẹjú mọ́ omi náà, mi ò mọ ohun tí mò ń retí láti rí. Mo ń ro bí màá ṣe wọlé tọ Màmá lọ láìfa ọmọ wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà mo sáré padà sọ́dọ̀ akọ̀wé.

"Ẹ jọ̀ọ́, bùrọ̀dá," mo ní, "ẹ bá mi fi ẹ̀rọ yín pe ọmọ kan. Mi ò rí i mọ́."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Eyínafẹ́."

"Orúkọ tó wà lára káàdì ni mò ń bi yín, àǹtí."

Mo wo àwọn káàdì tó wà níwájú rẹ̀.

"Àbí ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ wá pè é."

"Mi ò lè pè é. Ọkọ mi ni."

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ní ọmọ ló sọnù."

"Ọmọ ni. Àbíkẹ́yìn ìyá ọkọ mi ni. Ọmọ ọdún méje."

"Àǹtí, Èkó ni wọ́n bí mi sí o," ó wí, bíi pé ìyẹn ló máa yọ ọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Mo gbìyànjú. Mo la ẹnu láti pe orúkọ náà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ìyà ń bà mí. Ó kàn ṣe mí bí ìgbà tí wọ́n bá ní kéèyàn bọ́ aṣọ láàárín ọjà ni. Akọ̀wé náà rí i pé orúkọ náà ò ní jáde. Ó fa ẹ̀rọ náà mọ́ra.

"Eyínafẹ́. Eyínafẹ́. Kí Eyínafẹ́ máa bọ̀ nídìí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ìyàwó rẹ̀ ń wá a."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọmọ kankan ò yọjú. Ẹni tó jáde wá ni bàbá àgbàlagbà kan láti ilé ìkàwé, tó há ìwé ìròyìn mọ́ abíyá, tó sì ń yára rìn.

"Ta ló ń pè mí?"

"Ẹ̀yin kọ́, bàbá. Eyínafẹ́ là ń pè."

"Èmi ni Eyínafẹ́. Láti ìgbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti wọ ilé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ ló ti ń pè mí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé òun ló wá Èkó láìsọ fún mi."

Akọ̀wé wo ẹnu bàbá náà. "Eyín náà wá dà, bàbá?"

"Bi àwọn tó ń ta egungun ẹran ní Ojúẹlẹ́gba."

Mi ò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà wò mí, ó rí omi lójú mi, ó sì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un. Ó yíjú sí akọ̀wé.

"Má dà á láàmú. Ìyàwó ilé ni, kò lè pè é. Ṣé ìwọ náà ò lè pè é ni? Jẹ́ kó fi káàdì hàn ọ́."

Mo wá káàdì wa láàárín àwọn tó kù, mo sì fi ìka sí abẹ́ orúkọ náà. Akọ̀wé pè é, òun àti orúkọ bàbá rẹ̀, ketekete, bó ṣe ti ń pe àwọn yòókù láti àárọ̀. Ó tún un pè. A dúró. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọkàn mi tún lọ sí gọ́tà náà pátápátá.

"Kí lo mú un wá ṣe níbí?" bàbá náà bi mí.

"Abẹ́rẹ́ ni, sà."

"Ta ló ti ń pe àwọn ọmọ abẹ́rẹ́ láti àárọ̀?"

"Èmi ni," akọ̀wé dáhùn.

"Pẹ̀lú ohùn yìí?"

"Ohùn wo ni kí n fi pè wọ́n, bàbá?"

"Mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n má pè é mọ́. Ó ń sá fún ọ ni. Bó o bá tún pè é, ó máa dé Ìgànmú. Gbé nǹkan yẹn fún ìyàwó."

Mi ò fọwọ́ kan irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ rí. Nílé, wọ́n máa ń ní ìkòkò ọbẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀, ohùn mi ti orí igi bọ̀, ó sì ṣe mí bíi pé ẹlòmíì ló ń sọ ọ́.

"Eyínafẹ́," mo ní. "Eyínafẹ́, ọkọ mi. Ìyàwó yín ni o. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Mò ń wá yín, àyà mi ń já."

Lápá ibi tó jìnnà jù nínú gbọ̀ngàn, aṣọ funfun tó bo tábìlì ère mì. Sálúbàtà pupa kan yọ, èkejì tẹ̀lé e. Ó rá jáde, eruku wà lórúnkún rẹ̀ méjèèjì. Kò sáré. Ó rọra rìn bọ̀, ó gba ibi tó jìnnà sí tábìlì akọ̀wé, ó sì dé ẹ̀yìn mi, ó di ìró mi mú.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Mo fọwọ́ kan orí rẹ̀, mo fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, mo gbọn eruku orúnkún rẹ̀ nù.

"Ṣé ẹ ò gbọ́ nígbà tí wọ́n ń pè yín ni?" mo bi í.

"Mo gbọ́. Ọ̀gá abẹ́rẹ́ ló ń pè mí."

"Wọ́n pè yín ní Eyínafẹ́ náà."

"Mo rò pé wọ́n fẹ́ tàn mí ni. Ṣé ìyàwó mi ni wọ́n ni?"

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ìwé ìròyìn fi já bọ́ lábíyá rẹ̀. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà yìí, pẹ̀lú omi lójú. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà.

"Jẹ́ n rí eyín tí wọ́n fi fún ọ lórúkọ mi."

Ó la ẹnu.

"Ibo ni ti iwájú lọ?"

"Wọ́n ti já, sà."

"Tèmi náà ti já. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ṣe oríire, tìrẹ máa hù."

Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ bí ẹni tí a jọ ti mọra tipẹ́, ó sì padà sínú ilé ìkàwé rẹ̀. Akọ̀wé mú káàdì wa, kò pè é mọ́, ó kàn fà á lé mi lọ́wọ́ ní jẹ́ẹ́jẹ́ pé kí n máa mú un wọlé. Orí ẹsẹ̀ mi ni ọmọ náà jókòó sí fún abẹ́rẹ́. Ó sunkún díẹ̀, ó sì béèrè bóyá a lè lọ wo àwọn apẹja ara ògiri kí a tó lọ. A lọ wò wọ́n. Mi ò jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Bí a ṣe ń rìn bọ̀ wálé, mo ń ro bí màá ṣe sọ ọ́ fún Màmá. Mo pinnu pé èmi fúnra mi ni màá sọ ọ́, tí wọ́n bá ti jẹun alẹ́ tán. Mi ò rí àyè rẹ̀. Màmá ò tíì sọ ẹrù orí wọn kalẹ̀ tí ọmọ náà fi rò gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ère, tábìlì, ọ̀gá abẹ́rẹ́, bàbá tí kò léyín.

Màmá wò mí. "Wọ́n pe orúkọ ẹ̀ nínú ẹ̀rọ?"

"Akọ̀wé kánsù ni, mà. Èmi kọ́ ni mo pè é."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Gọ́tà tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé o lọ wò ó?"

"Mo lọ wò ó, mà. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mi ò mọ ohun tí màá ṣe."

Wọ́n jókòó. Wọ́n gbé ọwọ́ lé orí ọmọ náà.

"Tó o bá tún wá a tó ò rí i," wọ́n ní, "pe orúkọ ẹ̀. Pe tèmi náà mọ́ ọn. Má dúró máa ro tìyàwó."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Wọ́n ní kí n dìde, ṣé mo ti jẹun. Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀, mo sì ti gbàgbé.

Títí di òní, mi ò pe orúkọ náà rí. Ó ti lọ́mọ tirẹ̀ báyìí, Eyínafẹ́ náà ni mo ṣì ń pè é.

Lóṣù tó tẹ̀lé e, ó kan abẹ́rẹ́ kejì. Ọkọ mi sọ fún Màmá ní yàrá pé òun lè gba àyè níbi iṣẹ́ láàárọ̀ kan, kí òun mú un lọ. Mo gbọ́ tí Màmá dá a lóhùn pé kò sídìí, ìyàwó ẹ̀ ló máa mú un lọ. Ilé ìdáná ni mo wà. Mo jókòó sórí àpótí, mo sinmi díẹ̀, kí n tó da ẹ̀fọ́ sí ìkòkò.