Ọjọ́ Tí A Sẹ́ Ṣọ́jà Lójú Rẹ̀

Tí o bá dé abúlé ìyá mi, létí ọ̀sà lẹ́bàá Ejìnrìn, èéfín ni yóò kọ́kọ́ kí ọ káàbọ̀. Kí o tó rí ilé kan ṣoṣo ni òórùn ẹja yíyan yóò ti wọ inú aṣọ rẹ, kò sì ní í jáde bọ̀rọ̀. Mo máa ń lo òpin ọ̀sẹ̀ níbẹ̀, n ó padà sí ilé mi ní Ìtamàgà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, n ó wẹ̀, n ó fi lọ́fíńdà pa ara, síbẹ̀ tí mo bá wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni tó jókòó tì mí yóò máa fimú gbóòórùn, yóò máa wò mí bí ẹni tó gbé ọ̀bọ̀kún sínú báàgì. Èmi náà á máa wo ojú fèrèsé bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan. Àwa ará ẹ̀sítéètì, ká díbọ́n kò nira fún wa.

Ìlàjẹ ni wá. Láti etíkun Oǹdó ni àwọn òbí àwọn òbí mi ti gbé àwọ̀n wá sí ọ̀sà yìí, ìyá mi sì ti ń yan ẹja láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, ohun tó dá a dúró ni ààrò rẹ̀ àti ajá kan tí apẹja kan gbé fún un nígbà tó ṣì kéré débi pé ó lè wọ inú agolo. Ó sọ ọ́ ní Ṣọ́jà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí àrá bá sán, abẹ́ ibùsùn ni ṣọ́jà náà ń sá sí. Ajá pupa ni, pupa bí amọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ló máa ń sùn, ẹja yóò wà níwájú rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kò sì jẹ́ mú ọ̀kan rí. Tí ìyá mi bá ń lọ pàdé àwọn apẹja lójú omi, imú ọkọ̀ ni yóò jókòó sí, yóò na àyà bí ọ̀gá. Gbogbo abúlé ló ń pe ìyá mi ní Ìyá Ṣọ́jà. Èmi tí ó lóyún mi fún oṣù mẹ́sàn-án, n kò rí orúkọ tèmi gbà lára rẹ̀ mọ́. Ká má parọ́, inú máa ń bí mi díẹ̀.

Ajá yìí gba abẹ́rẹ́ o. Nígbà tí àwọn dókítà ẹran ìjọba ìbílẹ̀ wá ń fún àwọn ajá ní abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi lọ́jà Ejìnrìn, ìyá mi gbé e sínú ọkọ̀, ó tò sórí ìlà, wọ́n gún un, wọ́n sì fún un ní kádì. Ó wé kádì náà sínú ọ̀rá, ó fi í sínú Bíbélì rẹ̀. Mo tètè ń sọ ọ́ kí o má baà rò pé ìwé ni a kò ní.

Ní Sátidé kan báyìí, nǹkan bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan wọ abúlé. Ajá kan ti bu ọmọ ilé ìwé kan jẹ lẹ́bàá ọjà lọ́sẹ̀ yẹn, ẹnu ti ń kùn pé dìgbòlugi ti wọ àdúgbò, ni ìjọba ìbílẹ̀ bá rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n kó gbogbo ajá tí kò lẹ́ni. Àwọn mẹ́ta ló sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn wọ yúnífọ́ọ̀mù, ọ̀kan gbé ọ̀pá gígùn kan tó ní okùn lẹ́nu dání. Obìnrin ni ọ̀gá wọn, ó fi bírò há etí.

O gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa dàgbà kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé ọ. Ní abúlé wa, tí ẹni tó wọ aṣọ ìjọba bá na ọwọ́ sí nǹkan, tó ní ta ló ni ín, kò sẹ́ni tó ni ín. Ọkọ̀ tó so mọ́ èbúté kò lẹ́ni, ewúrẹ́ kò lẹ́ni, kódà mo rí ọkùnrin kan tó sẹ́ ṣòkòtò tí òun fúnra rẹ̀ sá sórí okùn. Nínú ilé tiwa, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Wolé-wolé wá lọ́jọ́ kan, ó bá tanwíjí nínú ìkòkò omi, ó ní ti ta ni, ìyá àgbà sì yára dáhùn pé tòun ni. Wọ́n fọ́ ìkòkò náà lójú rẹ̀, wọ́n sì mú un lọ sí kóòtù tòun ti aṣọ iṣẹ́ lára. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ nílé wa pé tí ìjọba bá béèrè, ìwọ kò mọ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá. Ta ló ni ajá yìí?” ni obìnrin oníbírò béèrè.

Ìyá mi ń yí ẹja lórí ààrò, kò gbójú sókè. “A ò mọ̀ ọ́n o. Ajá tó ń rìn kiri ni.”

Orí ẹsẹ̀ ìyá mi gan-an ni Ṣọ́jà jókòó lé nígbà tó ń sọ ọ́. Obìnrin náà wo ajá, ó wo ẹsẹ̀, ó wá yíjú sí mi, bóyá nítorí pé mo wọ jíǹsì tí mo sì gbé fóònù ńlá dání. “Àǹtí, ẹ̀yin ńkọ́?”

“Rárá o,” ni mo wí. “Àlejò ni mí níbí.”

Títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ yìí, ojú ń tì mí. Èmi tí mo ń kọ lẹ́tà sí àwọn lọ́yà lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́, èmi tí mo mọ̀ pé kádì wà nínú Bíbélì, ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yẹn ti jáde. Wọ́n ti okùn bọ Ṣọ́jà lọ́rùn. Kò gbó. Ó kàn ń wo ìyá mi, ó ń ju ìrù díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó rò pé eré ni. Bí ọkọ̀ wọn ṣe ń yí padà, apẹja kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gúnlẹ̀ pariwo láti ojú omi pé, “Ìyá Ṣọ́jà, ibo ni wọ́n ń gbé Ṣọ́jà lọ?”

Ẹja jóná lọ́jọ́ náà. N kò rí i kí ẹja jóná mọ́ ìyá mi lọ́wọ́ rí. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó ká ọwọ́ sí itan, nígbà tó sì pẹ́, ó ní, “Mo sẹ́ ẹ bí Pétérù ṣe sẹ́ Jésù.” Aládùúgbò wa kan, bàbá àgbàlagbà kan, wá bá a, ó ní kó ṣọpẹ́ pé èèyàn kọ́ ni wọ́n mú. Ìyá mi kò wo apá ibi tó wà. Lọ́jọ́ kejì kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní orin wo lòun fẹ́ fi ẹnu òun kọ.

Mo ti pe dókítà ẹran kan tó wà ní Ìtamàgà, ẹni tó ń tọ́jú ológbò àwọn ọmọ mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ohun tí a ṣe, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní ẹni tó ni ajá ní ẹ̀tọ́ púpọ̀ ju bí a ṣe rò lọ. Ó lè béèrè ìdí tí wọ́n fi mú un àti ibi tí wọ́n fi í sí, ó lè fi ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ hàn, ó lè ní kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó ṣe é ní nǹkan kan, ó sì lè gba ẹ̀dà ohun tí wọ́n bá kọ. “Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, Àǹtí,” ló wí, “ẹni tó ni ajá ni òfin ń bá sọ̀rọ̀. Ajá tí kò lẹ́ni, wọn kì í tọ́jú ẹ̀ pẹ́. Ẹ má fi falẹ̀.”

Mo gba àyè níbi iṣẹ́. Èrò mi ni pé kí èmi nìkan lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Ẹ̀pẹ́, kí n fi òyìnbó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí n ní tèmi ni ajá náà. Ìyá mi gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá a tó ti jókòó sínú ọkọ̀, ó wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbá Bíbélì mọ́ àyà. Mo ní, “Màámi, ẹ jẹ́ kí n lọ.” Ó ní, “Ẹnu tèmi ló sẹ́ ẹ. Jókòó ká máa lọ.”

Obìnrin oníbírò náà la bá nídìí tábìlì. Ó ṣí ìwé ńlá kan, ó fi ìka tọ́ka síbi tó ti kọ ọ́ pé ajá pupa kan, kò sí ẹni tó ni ín. Ó ní Ọjọ́rú ni wọn yóò fún àwọn tí kò lẹ́ni ní abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, èyí tó ń pa ajá. Mo bẹ̀rẹ̀ òyìnbó mi. Mo sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́, mo sọ̀rọ̀ òfin, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀ Ààrẹ. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi tán.

“Mádàámù,” ló wí, “ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ pé àlejò ni yín?”

Ìyá mi ló dìde, ó di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. “Ọmọ mi, irọ́ ni mo pa fún yín. Èmi ni mo ni ajá. Ẹ̀rù yín ló bà mí.” Ó tú ọ̀rá náà, ó gbé kádì kalẹ̀.

Obìnrin náà kà á. Níbi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó ni ajá wà, dókítà tó gún un lábẹ́rẹ́ ti kọ orúkọ tó gbọ́ lẹ́nu èrò ọjà: Ìyá Ṣọ́jà. Àyà mi já, nítorí orúkọ tó wà nínú kádì ìdánimọ̀ ìyá mi yàtọ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. “Màmá, ṣé ẹ rò pé a ò gbọ́ nígbà tí wọ́n ń pariwo orúkọ yín látojú omi? Láti Sátidé ni mo ti ń retí yín. Mo ti yà á sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ohun tí ẹ ò sọ.”

Ìyá mi wá béèrè ohun tí dókítà Ìtamàgà kọ́ wa, tí a ti jọ tún sọ láìmọye ìgbà nínú ọkọ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣe? Ta ló bù jẹ?”

“Kò bu ẹnikẹ́ni jẹ, Màmá. Ajá dúdú ló bu ọmọ yẹn jẹ, a sì ti rí i mú. Tiyín, torí ẹ ní kò lẹ́ni la ṣe mú un.”

Mo rò pé n kò tíì gbọ́ gbólóhùn tó gún mi lọ́kàn tó ìyẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tó wà lọ́rùn ajá yìí ni èyí tí àwa fi kọ́ ọ lọ́rùn. À ń sá fún wàhálà ìjọba, a sì fi ọwọ́ ara wa gbé wàhálà náà fún wọn. Ká ní a dáhùn lọ́jọ́ Sátidé, tí a mú kádì jáde, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti kọjá sí ilé kejì kí ẹja tó pọ́n.

Wọn kò kàn gbé e fún wa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ o. Dókítà wọn ní láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì gbà á tó ọjọ́ mẹ́rin. Ìyá mi tẹ ìka sórí fọ́ọ̀mù, ó ní kí wọ́n fún òun ní ẹ̀dà, wọ́n sì fún un. Wọ́n mú wa lọ síbi tó wà. Bí Ṣọ́jà ṣe rí wa, ó sáré wá sẹ́nu irin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá íńkì tó wà lára àtàńpàkò ìyá mi, lẹ́yìn náà ó wá lá ọwọ́ èmi tí mo pe ara mi ní àlejò. Bóyá kò mọ ohun tí a ṣe sí i, bóyá ó mọ̀ tó sì ti dárí jì wá. Mo sunkún níbẹ̀, n kò sì fi pamọ́.

Nínú ọkọ̀ tí a fi ń padà ni ìyá mi ti sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀, èyí tí kì í sábà ṣe. Ó ní òun ti rò látọjọ́ yìí pé àṣìṣe ìyá òun ni pé ó ní tòun ni. “Kò ṣàṣìṣe,” ló wí. “Ohun tó kù ni kó bi wọ́n pé kí lòun ṣe, kí ni òfin wí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé èèyàn lè bi wọ́n léèrè.” Ó ń fi ọwọ́ wọ́ omi. Ní ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n fi Ṣọ́jà sílẹ̀, òun nìkan ló lọ mú un, kò dúró dè mí.

Nígbà tí àwọn oníyúnífọ́ọ̀mù tún padà wá sí abúlé láti fún ajá lábẹ́rẹ́, ìyá mi ló ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ṣáájú wọn, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n jáde, kí wọ́n sọ orúkọ, kí wọ́n gba kádì, kí wọ́n sì béèrè ohunkóhun tí kò bá yé wọn. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló jáde. Bàbá aládùúgbò wa yẹn ṣì ní òun kò mọ ajá tó ń sùn lẹ́nu ọ̀nà òun. Ṣùgbọ́n àwọn tó jáde pọ̀ ju bí mo ṣe lérò lọ.

Èmi náà ti yí padà díẹ̀. Ẹni tó bá fimú gbóòórùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo máa ń sọ fún un pé ẹja ìyá mi ni, pé ṣé yóò rà. Ní ti àwọn tó wọ aṣọ ìjọba, n kò ní purọ́ fún ọ: tí ọ̀kan nínú wọn bá dá mi dúró, àyà mi ṣì máa ń já. Mo kàn máa ń jẹ́ kó já tán ni, n ó dáhùn ohun tí wọ́n bi mí, n ó sì bi wọ́n ní tèmi.