Pupa àti Dúdú Nínú Páálí Kíréyọ̀n

Ẹ̀rù kì í pẹ́ bà mí. Bí fóònù bá dún láàárọ̀ kùtù, ọkàn mi á ti sáré dé ibojì kó tó padà wálé. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí àǹtí tó ń kọ́ ọmọ mi ní jẹ́léósinmi ránṣẹ́ pè mí, mo fi kẹ́ẹ̀gì epo tí mò ń tà sílẹ̀ lẹ́bàá títì Òkìtìpupa, mo sì ti ń sunkún kí n tó dé ẹnu géètì wọn.

Kò sẹ́ni tó kú. Àǹtí kàn tẹ́ àwọn ìwé àwòrán ọmọ mi sórí tábìlì ni. Bó ṣe ń kọ́ wọn nìyí: àwòrán nǹkan kan á wà lókè, orúkọ rẹ̀ á wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà ńláńlá tí inú wọn ṣófo. Ọmọ á fi àwọ̀ nǹkan náà gan-an kun àwòrán, á fi kun orúkọ rẹ̀, á sì máa pè é bó ṣe ń kùn ún. Tí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, ojú á mọ̀ ọ́n, ẹnu á sì tẹ̀ lé wọn. Ọmọ mi kun ewé, ó kà á. Ó kun ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti oòrùn, ó kà wọ́n geere. Ṣùgbọ́n epo, iná àti èédú ṣì wà bí wọ́n ṣe tẹ̀ wọ́n jáde, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Àǹtí ní bí òun bá ti nawọ́ sí wọn, ọmọ náà á pa ẹnu dé, ara rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Ó ní òun ò tíì rí irú ẹ̀ rí. Ó ká ìwé epo fún mi pé kí a gbìyànjú rẹ̀ nílé.

Mo ti rí irú ẹ̀ rí ní tèmi. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òde-Ayé, àbúrò mi ọkùnrin kọ́kọ́ dákẹ́, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kò sì pẹ́ tí gìrì fi pa á.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Àgbà ni nínú ìjọ aláṣọ funfun, àti láti ìgbà tí àbúrò mi ti lọ ni kò ti gba pupa àti dúdú láyè nínú ilé. Aṣọ pupa àti dúdú nìkan ni ìjọ kà léèwọ̀ o, ṣùgbọ́n màmá fi tirẹ̀ kún un. Bí mo bá ra bọ́kẹ́ẹ̀tì pupa, kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti di ti aládùúgbò. Epo nìkan ni kò lè lé jáde, nítorí epo ló ń bọ́ wa. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà.

Nígbà tí mo ròyìn fún un, ó jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Ó ní bí ti àbúrò mi ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó ní kí n mú ọmọ kúrò nílé ìwé, kí òun mú un lọ sílé àdúrà ní Ìkọ̀yà, kó máa gbébẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ á fi là. Mo bi í pé ìgbà wo nìyẹn. Ó ní Ọlọ́run ló mọ̀. Mo gbà. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú èyí tí wọ́n fẹ́ lọ, mo ní epo tí mo gbọ́dọ̀ lọ fún ní Àyèká. Mo mú ọmọ dání, nítorí n kò fẹ́ kó kúrò níwájú mi. Mo fi í jókòó sórí ìtì igi nínú àgọ́ tí a ti ń fún epo, mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ epo títí dé ìgúnwọ́. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, ètè rẹ̀ ń mì, kò sì gbójú kúrò lára mi. Mo ní gìrì dé. Mo sáré sí i kí n gbé e, ó fà sẹ́yìn fún ọwọ́ mi. Mo bi í pé kí ló ń sọ.

“Mọ́mì, ọwọ́ yín pupa. Mò ń bẹ áńgẹ́lì kó má lọ.”

Díẹ̀díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà jáde. Lọ́jọ́ tí mo ra kíréyọ̀n fún un, màmá yọ pupa àti dúdú kúrò nínú páálí, ó jù wọ́n sí ṣáláńgá. Ó sọ fún un pé ibi tí wọ́n bá wọ̀, áńgẹ́lì á jáde níbẹ̀, ohun tó mú àbúrò mi lọ á sì wọlé. Ọmọ mi wá gbà pé bí òun bá kun epo, tàbí tí òun bá fẹnu pè é, èmi ni yóò kú kí ilé ìwé tó jáde. Ọmọ tí kò tíì ká ehín ló ń dá nìkan pa ẹnu dé kí n má bàa kú.

N kò rẹ́rìn-ín. Inú bí mi sí màmá, àmọ́ mo mọ ẹni tó ń sunkún lé lórí láti ọjọ́ yìí wá. Mo tú ìwé epo tí àǹtí ká fún mi jáde nínú báàgì mi, mo fi ìka kun lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo ní kó kun ìyókù. Ó pẹ́ kó tó ti ìka bọ epo. Ó kùn ún, ó sì pè é wúyẹ́wúyẹ́: “Epo.” Lẹ́yìn náà ló bi mí bóyá áńgẹ́lì ti lọ.

“Kò lọ, ọma mi. Ó wà níbí.”

Nígbà tí a délé, màmá wà lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàgì ẹrù. Mo ní kò sí Ìkọ̀yà mọ́, mo sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ọmọ náà dúró níwájú rẹ̀, ó na ìwé sókè, ó kà á sókè ketekete. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yíjú sẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó wọlé, kò sì sẹ́ni tó jáde. Màmá fa báàgì sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ funfun ọmọ náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò gbójú kúrò lẹ́nu ọ̀nà.