Ímeèlì Tí Mo Kà Sókè

Òórùn kíbọ́ọ̀dù yẹn ni mo kọ́kọ́ ń rántí: èérún páì àti ọ̀rá ọwọ́ onírúurú èèyàn. Ṣíọ̀! Ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Peckham ní London ni mò ń wí. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ń ta irun àti ẹja gbígbẹ níwájú, kọ̀ǹpútà márùn-ún sì wà lẹ́yìn. Wọ́n á kọ́kọ́ ké lórí wáyà tẹlifóònù bí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á máa sọ̀ kalẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀, àdírẹ́sì tèmi ni wọ́n ń lò. Ará ilé wọn á kọ̀wé sí mi lédè òyìnbó, èmi á sì kà á fún wọn ní Yorùbá. Mo máa ń kà á sókè, kí gbogbo ṣọ́ọ̀bù lè mọ̀ pé mo mọ̀wé. Ẹ wo òmùgọ̀!

Àǹtí kan wà tó ń fọ ọ́fíìsì ní New Cross. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tó ti rí ìyá rẹ̀ gbẹ̀yìn ní Ìwó, nítorí kò tíì rí pépà gbà. Bó bá jáde, kò ní lè wọlé mọ́. Ìyá náà ń ṣàìsàn. Ohun kan ṣoṣo tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni kó bá wọn láyé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ wá tòun ti yúnífọ́ọ̀mù.

"Ọmọ mi, bá mi check ẹ̀. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ti reply?"

"Wọ́n ti reply, ma."

Mi ò dúró kí ímeèlì náà dé tán. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni mò ń kà á. Wọ́n kí mi. Wọ́n ní màmá kú láàárọ̀ àná, wọ́n sì ti sin wọ́n. "Kú" gan-an ni mo pè é, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ adìyẹ. Ìgbà yẹn ni ìlà tó kẹ́yìn yọ: kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún un o, kí n kó àwọn àgbà mọ́sáláṣí lọ bá a nílé.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í deédéé ju irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lu èèyàn. Àgbà á ṣáájú, wọ́n á rí i pé o ti jẹun, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ mìíràn yí i ká, obìnrin kan á sì jókòó tì ọ́ kó lè dì ọ́ mú. Èmi túfọ̀ tèmi níwájú àwọn tó wá ra irun. Àǹtí náà ṣubú sáàárín wáyà. Bó ṣe ń sunkún lọ́wọ́, ọ̀gbẹ́ni kan béèrè bóyá kọ̀ǹpútà yẹn ti ṣófo. Mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un nílé rẹ̀ lẹ́bàá Old Kent Road.

"Dìde. Mo ti forgive ẹ," ó ní. "Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ìyá mi, ohùn tìẹ ni mò ń gbọ́. Mi ò gbọ́ tiwọn mọ́."

Lónìí, kí òkú tó tutù, fọ́tò rẹ̀ ti dé orí fóònù gbogbo ayé. Ó ń rí mi lára. Àwọn ọmọ mi ní kí n calm down. Àǹtí náà ti gba pépà, ó ti lọ kí sàréè. Tí a bá pàdé ní mọ́sáláṣí, mo máa ń tẹríba fún un dáadáa, ṣùgbọ́n mi kì í jẹ́ kó gbọ́ ohùn mi.